Ọkọ̀ èédú tí wọ́n fi dẹ ọkọ̀ abẹ́ omi: ṣé ọgbọ́n ogun ni àbí ọ̀dàlẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ń ka nǹkan nípa Ogun Àgbáyé Kìíní, mo wá rí i pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ọkọ̀ ẹrù lásán lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, wọ́n á kó ìbọn ńlá pamọ́ sínú ẹ̀, wọ́n á wá máa rìn lójú òkun bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan títí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì á fi wá bá wọn. Bọ̀ọ́dá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀dàlẹ̀ pátápátá nìyẹn, pé ó dà bíi kéèyàn na asíá funfun sókè kó tún wá yìnbọn. Èmi ní ogun ni, ta ló ń bá ọ̀tá ẹ̀ sòótọ́? Ẹ bá wa dá sí i. Àti pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sírú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn-ò-rẹ̀yìn, ṣé wọ́n ń dá a padà sídìí òwò ni?

* * *

Òótọ́ ni àbúrò, kì í ṣe àròsọ. Q-ship ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n ní Q yẹn ti Queenstown ni, èbúté kan ní Ireland tí wọ́n ń pè ní Cobh báyìí, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbéra. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dàrú torí kálukú ló ń mú àpẹẹrẹ tó bá tiẹ̀ mu, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan ṣoṣo ká tẹ̀ lé e.

Loderer lorúkọ ẹ̀. 1904 ni iléeṣẹ́ Ropner kàn án ní Stockton, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ́ọ̀nù ẹ̀ lé díẹ̀ ní 3,200. Ọkọ̀ èédú ni, kò yára, kò lẹ́wà, irú ẹ̀ pọ̀ lójú òkun débi pé kò sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn gan-an ni wọ́n fi yàn án. Ní 1915 ìjọba gbà á, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí Farnborough, wọ́n tún ń pè é ní Q5, wọ́n wá fi ọ̀gá ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ Gordon Campbell sórí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbà á, ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń ru èédú.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lórí òpó yìí ò pọ̀: àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn láyà ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ìrísí ẹlòmíì ni wọ́n yá lò, àwọn ẹlòmíì yẹn ló sì san lára gbèsè ẹ̀. Màá ṣàlàyé bá a ṣe ń lọ.

* * *

Àwọn tó ń béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń fi ìbọn pamọ́ sínú ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́.

Ìbọn ńlá márùn-ún ni wọ́n gbé sínú Farnborough, tí ọta kọ̀ọ̀kan wúwo tó pọ́n-ùn 12, yàtọ̀ sáwọn kékeré. Wọ́n kọ́ ilé pákó bo èyí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, bí ilé tí ẹ́ńjìnnì ìtọ́kọ̀ máa ń wà. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin tó ní ìdè bí ilẹ̀kùn ni wọ́n fi bò wọ́n, tí wọ́n bá ti fa pínnì ẹ̀, irin á wó lulẹ̀, ẹnu ìbọn á yọ, kó tó ìṣẹ́jú kan ọta ti jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ báyìí igi ni wọ́n máa ń kó kún abẹ́ ọkọ̀ dípò ẹrù, torí bí tọ̀pídò, ìyẹn bọ́ǹbù tó ń sáré lábẹ́ omi, bá lu ọkọ̀, igi ò ní jẹ́ kó tètè rì, àwọn tó wà níbi ìbọn á sì ráyè ṣe nǹkan tí wọ́n wá ṣe.

Ibi tí iṣẹ́ gidi wà ni ti èèyàn. Ọkọ̀ èédú tó tóbi bẹ́ẹ̀, bí ọgbọ̀n èèyàn ló máa ń wà nínú ẹ̀. Farnborough kó èèyàn tó lé ní 60, nítorí náà ìdajì gbọ́dọ̀ máa wà ní ìpamọ́ nígbà gbogbo, wọn ò lè jáde gba afẹ́fẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí yunifọ́ọ̀mù, aṣọ gbàǹjo tó ti gbó làwọn ọmọ ogun ń wọ̀. Kò sí sàlúùtù lórí dẹ́ẹ̀kì. Àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ láti dúró ṣánṣán, wọ́n wá ń kọ́ wọn láti máa rìn kújẹ́kújẹ́, ọwọ́ nínú àpò, torí ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi á ti wò wọ́n fún wákàtí mélòó kan láti abẹ́ omi kó tó yọjú.

Ikọ̀ kan tún wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n díbọ́n sá. Bí ọ̀tá bá ti yọ, wọ́n á máa sáré kọlu ara wọn, wọ́n á sọ ọkọ̀ àsálà sínú omi lọ́nà tó rí wúruwùru, ẹnì kan á múra bí ọ̀gá ọkọ̀, á kó ìwé dání. Wọ́n tiẹ̀ gbé odídẹrẹ́ tí wọ́n ti kì ní nǹkan sínú kéèjì dání lẹ́ẹ̀kan, kó lè jọ pé ẹran ọ̀sìn wọn ni wọ́n ń gbé sá. Gbogbo ìyẹn kí ọ̀tá lè gbà pé ọkọ̀ ti ṣófo.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé, kí ló dé tí Jámánì ò kàn fi tọ̀pídò fọ́ ọ látabẹ́ omi kó máa bá tiẹ̀ lọ? Ìbéèrè gidi nìyí, àìdáhùn ẹ̀ ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé òmùgọ̀ làwọn ará Jámánì.

Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ìdí méjì ló wà. Àkọ́kọ́, tọ̀pídò wọ́n, owó ẹ̀ sì ga, ọkọ̀ abẹ́ omi ayé ìgbà yẹn kì í gbé ju ìwọ̀nba lọ, tó bá ti tán àfi kó padà sílé. Ọta ìbọn orí dẹ́ẹ̀kì ò wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi rì ọkọ̀ tó pọ̀ nínú ìrìn-àjò kan ṣoṣo. Ìkejì, òfin ogun ojú òkun ló sọ pé ọkọ̀ ẹrù tí ò gbé ìbọn, o ò gbọ́dọ̀ kàn rì í bẹ́ẹ̀. Kó o yọ sókè, kó o dá a dúró, kó o yẹ ìwé ẹ̀ wò, kó o jẹ́ káwọn èèyàn wọnú ọkọ̀ àsálà ná. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi ló ń tẹ̀ lé e níbẹ̀rẹ̀ ogun, kì í ṣe gbogbo wọn, kì í sì í ṣe nígbà gbogbo.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Ibi tí ọkọ̀ ìdẹ ti rí ọ̀nà wọlé ni àánú tí òfin yẹn ní kí wọ́n máa ṣe. Ẹni tó yọ sókè láti fún àwọn atukọ̀ láyè kí wọ́n sá, òun ni wọ́n ń rí pa. Ẹni tó kàn yin tọ̀pídò tó sì lọ, wọn ò rí i mú. Ibí yìí ni kókó gbogbo àríyànjiyàn wà lójú tèmi, ká tó dórí ọ̀rọ̀ asíá tẹ́ ẹ ń fà.

* * *

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Farnborough ṣe yọrí: March 22, 1916, ní ìwọ̀ oòrùn Ireland. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan, U-68, yin tọ̀pídò sí i, kò bà á, ó kọjá níwájú. Campbell ò yí ọ̀nà padà, ó ń lọ bí ẹni tí ò rí nǹkan kan. U-68 wá yọ sókè, ó yin ọta kan kọjá iwájú ọkọ̀ láti dá a dúró. Ikọ̀ tó ń díbọ́n bọ́ sínú omi pẹ̀lú ariwo, ọkọ̀ abẹ́ omi sún mọ́ wọn. Asíá ogun gòkè, irin wó, ìbọn dún. Nígbà tí U-68 ń gbìyànjú láti rì padà, Campbell wa ọkọ̀ kọjá lórí ibẹ̀, ó sọ bọ́ǹbù abẹ́ omi sílẹ̀, èyí tó ṣì jẹ́ nǹkan tuntun nígbà yẹn, iwájú ọkọ̀ abẹ́ omi sì yọ lóòró látinú omi.

Gbogbo ọkùnrin 38 tó wà nínú U-68 ló kú. Mo rí i táwọn kan ń fi ayọ̀ kọ ọ́ lókè, mo mọ̀ pé ogun ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ làwọn náà.

* * *

Ìkejì yìí ni màá fara balẹ̀ lé lórí, torí òun ló sọ Campbell di olókìkí, òun náà lọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sọ tí wọ́n ń fo ibi tó ṣe pàtàkì jù.

Nígbà tó fi máa di February 1917, Jámánì ti kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù yẹn, ọkọ̀ yòówù táwọn bá bá ní agbami tó yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká, rírì ni, kò sí ìkìlọ̀ mọ́. Ọgbọ́n ọkọ̀ ìdẹ ti fẹ́ parí nìyẹn, torí ta ni yóò tún yọ sókè? Campbell wá ro nǹkan tó ṣòroó gbọ́: bí wọ́n bá máa fi tọ̀pídò lù wá náà, ẹ jẹ́ kó lù wá, ká má yẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á gbà pé ọkọ̀ lásán ni wá. Ó pa á láṣẹ pé bí ẹni tó ń ṣọ́ bá rí tọ̀pídò tó ń bọ̀, kó fi eré kún un tàbí kó dín in kù kó lè rí i dájú pé ó bà wá.

Ní February 17, tọ̀pídò ọkọ̀ abẹ́ omi U-83 jáde sí wọn. Wọ́n rí i tó ń bọ̀. Campbell fi sílẹ̀, ìgbà tó kù díẹ̀ ló tọ́ ọkọ̀ díẹ̀ kó má bàa jẹ́ ẹ́ńjìnnì-rúùmù gan-an ló máa lù. Ó lù wọ́n, ó ya ihò ńlá sára ọkọ̀, omi ń ya wọlé. Ikọ̀ tó ń díbọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ àsálà. Àwọn tó wà nídìí ìbọn dọ̀bálẹ̀, wọn ò mira. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Wọ́n wà níbẹ̀. Àṣẹ ni pé kí wọ́n dúró títí omi á fi lé wọn, torí bí èéfín bá yí padà tàbí tí èèyàn bá ń jáde lójijì, ọ̀tá á fura. Wọ́n dúró títí omi fi dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n wá gòkè, wọ́n sì tún lọ lúgọ sókè.

Mo ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù Àpápá nígbà kan, mo sì ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì-rúùmù ọkọ̀ ẹrù níbẹ̀, ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ létí èbúté o, kò sí ogun kankan. Àtẹ̀gùn irin ni, ó tín-ín-rín, ó gbóná débi pé èèyàn ò lè di ibì kan mú pẹ́. Tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ létí ẹnì kejì yín kò ní gbọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò nígbà tí mo débẹ̀ ni ọ̀nà tí màá gbà jáde. Ọkọ̀ tí ò rì ni mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí. Ẹ wá rò ó wò: irú yàrá bẹ́ẹ̀, iná sítíìmù, tọ̀pídò ti lu ìdí ọkọ̀, ẹ ń gbọ́ ìró omi, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀gá yín mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó lù yín, ẹ ò sì tíì gbọ́dọ̀ gòkè. Ẹni tó bá ní àwọn yìí ò láyà, kó wá bá mi.

U-83 ò yára. Ó ń yọ awò gígùn ẹ̀ sókè lábẹ́ omi, ó sún mọ́ ọkọ̀ àsálà gbágbáágbá, ó yí ọkọ̀ ká ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló yọ sókè pátápátá, kò jìnnà rárá. Ọ̀gá wọn, Bruno Hoppe, ń gòkè bọ̀ láti ẹnu ihò nígbà tí Farnborough yìnbọn, ọta àkọ́kọ́ ló pa á. Wọ́n yin tó 45. Nínú gbogbo wọn, méjì ni wọ́n rí fà jáde láàyè.

Ọkọ̀ tiwọn náà ń rì lọ. Campbell fi wáyà ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn ní Queenstown pé Q5 ń rì díẹ̀díẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ sọ pé ó dìgbóṣe. Àmọ́ kò rì. Àwọn ọkọ̀ ogun mìíràn dé, wọ́n fà á títí dé Berehaven ní Ireland, wọ́n gbé e gun ilẹ̀ ní Mill Cove. Campbell gba Victoria Cross, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù fún ológun Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí ìbéèrè ẹ ti wọlé nìyí, àbúrò. Wọ́n tún ọkọ̀ yẹn ṣe, ó padà sídìí òwò lẹ́yìn ogun, wọ́n sọ ọ́ ní Hollypark, ó ń kó ẹrù kiri títí di 1928 tí wọ́n fi tú u palẹ̀ tà bí irin àlòkù. Loderer, Farnborough, Hollypark, ọkọ̀ kan náà.

* * *

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Àwọn kan ní ogun ò ní òfin, àwọn kan ní gbígbé asíá ẹlòmíì jẹ́ èké lójú Ọlọ́run àti èèyàn. Mi ò sí lẹ́yìn ìkankan.

Ogun ní òfin, kódà nígbà yẹn. Òfin náà gbà pé ọkọ̀ ogun lè gbé asíá tí kì í ṣe tiẹ̀ láti tan ọ̀tá jẹ, ó ti pẹ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń ṣe é, Jámánì náà ń ṣe é. Àmọ́ kó tó yin ọta àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ asíá èké yẹn kalẹ̀ kó fa tiẹ̀ sókè. Àwọn tó ń fi í wé asíá funfun, kò jọra. Asíá funfun ń sọ pé mo ti túúbá, má pa mí. Asíá oníṣòwò ń sọ pé oníṣòwò ni mí. Èké ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlérí pé mi ò ní jà.

Nítorí náà ìdẹ fúnra ẹ̀ bófin mu. Ohun tí ò bófin mu ni nǹkan tí Baralong ṣe, àwọn tó ń gbeja Gẹ̀ẹ́sì lórí òpó yìí sì ń fò ó bí ẹni fo kòtò.

August 19, 1915. Ọkọ̀ Nicosian ń kó ìbaaka lọ fáwọn ọmọ ogun, U-27 dá a dúró, ó ń yìnbọn lù ú. Baralong, ọkọ̀ ìdẹ, dé pẹ̀lú asíá Amẹ́ríkà, ó gba ẹ̀yìn Nicosian kọjá, ó sọ asíá yẹn kalẹ̀, ó fa tiẹ̀ sókè, ó rì U-27. Títí dé ibẹ̀, ó tọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá yìnbọn pa àwọn ará Jámánì tó wà nínú omi, tó ń wẹ̀, tí wọ́n ti pàdánù ọkọ̀ wọn. Àwọn kan gun orí Nicosian, wọ́n rán ọmọ ogun tọ̀ wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n pa wọ́n. Kò ṣẹ́ ku ẹnì kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú ìbaaka nínú Nicosian ló lọ sọ ọ́ nílé. Jámánì ní kí wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ fún ìpànìyàn, Gẹ̀ẹ́sì fèsì pé àfi kí wọ́n wádìí tiwọn náà pọ̀ mọ́ ọn, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni Jámánì rì ọkọ̀ èrò Arabic. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni jófin.

Ẹni tó kọ ọ́ lókè pé inú ló ń bí wọn nítorí ọkọ̀ èrò Lusitania tí Jámánì rì lóṣù May ọdún yẹn, tó ju èèyàn 1,190 lọ tó kú, mo gbọ́. Inú lè bí èèyàn. Ọkùnrin tó ń wẹ̀ lójú òkun láìní ohun ìjà, kì í ṣe òun ló rì Lusitania. Ìpànìyàn ni, mi ò lórúkọ míì fún un.

* * *

Àríyànjiyàn tó le jù: ṣé ọkọ̀ ìdẹ ló mú kí Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í rì ọkọ̀ láìkìlọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kẹ́ ẹ dúró ná, kẹ́ ẹ wo Falaba.

Falaba, ọkọ̀ Elder Dempster ni, ilé-iṣẹ́ tó ń ná Liverpool sí etíkun wa níbí, àwọn bàbá ńlá wa mọ ọkọ̀ wọn dáadáa torí òun ló ń kó èrò àti lẹ́tà wá, tó ń kó epo pupa àti èkùrọ́ lọ. March 28, 1915, Falaba ti gbéra láti Liverpool, ó ń bọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. U-28 dá a dúró, ó ní kí wọ́n jáde, àmọ́ àwọn èèyàn ṣì wà nínú ẹ̀ nígbà tó yin tọ̀pídò. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Ìyẹn ṣáájú Baralong, ó ṣáájú kí ọkọ̀ ìdẹ kankan tó rì ọkọ̀ abẹ́ omi rárá nípa ìbọn tiẹ̀ nìkan, torí ti àkọ́kọ́, Prince Charles tó rì U-36, July 1915 ni. Nítorí náà kì í ṣe ọkọ̀ ìdẹ ló dá ìwà yẹn sílẹ̀. Ebi tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń fi pa Jámánì nípa dídí ojú omi, àti ìrètí wọn pé àwọn lè febi pa Gẹ̀ẹ́sì náà kí Amẹ́ríkà tó wọlé, ìyẹn ló gbé ìpinnu 1917 jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ ìdẹ ò ní ẹ̀bi kankan níbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ rọra. Ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi tó bá ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí U-27 àti U-68, kí ni yóò ṣe nígbà tó bá rí ọkọ̀ èédú àgbà kan tó ń bọ̀? Adániloró fagbára kọ́ni. Kò ní yọ sókè mọ́. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ èédú gidi, tí ò ní ìbọn, tí ò ní igi nínú ikùn ọkọ̀, òun ni tọ̀pídò máa bá lórí ibùsùn.

Ní November 28, 1917, wọ́n fi tọ̀pídò lu ọkọ̀ Elder Dempster míì tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Liverpool, nítòsí Point Lynas ní Anglesey, erékùṣù kan ní Wales, ó ti fẹ́ délé. Èèyàn 77 ló kú. Apapa lorúkọ ọkọ̀ yẹn, orúkọ Àpápá wa yìí náà. Mi ò sọ pé Farnborough ló pa wọ́n. Mo ń sọ pé nígbà tó fi máa di ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó tún ń yọ sókè béèrè ìwé lọ́wọ́ ọkọ̀ kankan.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti ya díẹ̀. Àwọn kan ní kí Néfì wa lo irú ọgbọ́n yìí fáwọn ajalèlókun ní agbami Guinea, kí wọ́n fi ọmọ ogun pamọ́ sínú ọkọ̀ ẹrù.

Mi ò gbà. Àwọn ajalèlókun yẹn, èèyàn ni wọ́n ń wá jí gbé, wọn ò wá rì ọkọ̀. Lónìí wọ́n máa ń gun orí ọkọ̀, atukọ̀ á lọ tilẹ̀kùn mọ́ra sí yàrá ìpamọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀mí kì í bọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbà pé ọkọ̀ ẹrù yòówù lè jẹ́ ti sójà, ìbọn ni wọ́n á kọ́kọ́ fi kí gbogbo ọkọ̀, atukọ̀ tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ló máa jẹ ẹ́. Ọkọ̀ ogun tó hàn gbangba tó ń sin ọkọ̀ ẹrù, bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí, òun ni mo fara mọ́. Ká padà sórí ọ̀rọ̀ wa.

* * *

Ṣé ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́? Ẹ̀gbọ́n tó ní ọkọ̀ ìdẹ ló gba Gẹ̀ẹ́sì là, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n máa ń sọ jù ni pé nǹkan bíi 200 ọkọ̀ ìdẹ ni Gẹ̀ẹ́sì lò, wọ́n rì nǹkan bí ọkọ̀ abẹ́ omi 14, àwọn náà pàdánù bíi 27. Gbogbo ọkọ̀ abẹ́ omi tí Jámánì pàdánù nínú ogun yẹn sún mọ́ 180. Ohun tó gba Gẹ̀ẹ́sì là ni kọ́ńfọ̀ì, kí ọkọ̀ ẹrù máa rìn pọ̀ káwọn ọkọ̀ ogun máa sìn wọ́n, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gidi láti May 1917. April ọdún yẹn nìkan, ọkọ̀ tó rì lé ní 800,000 tọ́ọ̀nù, ohun tó sì dá ọwọ́ yẹn dúró ni kọ́ńfọ̀ì.

Ìyẹn ò sọ pé kí n má sọ ti Pargust. Lẹ́yìn Farnborough, Campbell gba ọkọ̀ míì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn ẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, àwọn tó mọ ohun tó ń dúró dè wọ́n o. June 7, 1917, tọ̀pídò UC-29 lù wọ́n, gìrìgìrì ẹ̀ sì tú irin tó bo ìbọn kan. Irin yẹn ti fẹ́ wó lulẹ̀, tó bá wó báyìí, àṣírí ti tú. Atukọ̀ kan, William Williams, fi èjìká gbé e, ó gbé ẹrù irin yẹn dúró fún bí ìdajì wákàtí, láìmira, títí ọkọ̀ abẹ́ omi fi yọ sókè tí wọ́n fi pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Wọ́n rì UC-29. Nígbà tí Victoria Cross dé, ọba ní kí wọ́n dìbò yan ọ̀gá kan àti ọmọ iṣẹ́ kan láàrin ara wọn, ìbò mú Ronald Stuart àti Williams. Amlwch ní Anglesey ni Williams ti wá, ẹ̀gbẹ́ Point Lynas níbi tí Apapa rì sí ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà.

Ti Dunraven, ọkọ̀ tí Campbell gbà tẹ̀ lé Pargust, ní August ọdún yẹn ló bani nínú jẹ́ jù. UC-71 ń yìnbọn lù wọ́n, iná ń jó lábẹ́ àwọn tó lúgọ sídìí ìbọn ẹ̀yìn, ibi tí bọ́ǹbù àti ẹ̀tù wà, wọ́n sì mọ̀. Wọn ò kúrò. Ó bú gbàù, ó ju ìbọn àti èèyàn sókè, bẹ́ẹ̀ ni àṣírí ṣe tú. Wọ́n tún bá a jà fún wákàtí mélòó kan, UC-71 lọ láìfarapa tó bẹ́ẹ̀, Dunraven rì nígbà tí wọ́n ń fà á bọ̀. Charles Bonner àti Ernest Pitcher gba Victoria Cross ní tiẹ̀.

* * *

Fún ẹni tó ní wọ́n yẹ kí wọ́n tún gbìyànjú ẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kejì: wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ bíi mélòó kan jáde ní 1939 sí 1940, wọn ò rì ọkọ̀ abẹ́ omi kankan, ṣùgbọ́n Jámánì rì Cape Howe àti Willamette Valley láàrin oṣù kan náà, June 1940. Amẹ́ríkà náà mú ọkọ̀ ẹrù kan tí wọ́n kàn ní 1912, Carolyn, wọ́n sọ ọ́ di Atik, wọ́n kó ìbọn pamọ́ sínú ẹ̀. Ìrìn-àjò àkọ́kọ́ ẹ̀ lòun pẹ̀lú U-123 pàdé, March 1942. Atik yìnbọn, ó pa ẹnì kan nínú U-123, ọkọ̀ abẹ́ omi yẹn sá sẹ́yìn, ó fi tọ̀pídò parí iṣẹ́. Gbogbo èèyàn 141 inú Atik ló ṣègbé. Lójú tèmi kò yẹ kí wọ́n rán wọn jáde rárá, ọgbọ́n tí ọ̀tá ti mọ̀ láti ọdún 1917 ni wọ́n fi rán wọn.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá èèyàn lè fojú rí ọ̀kan: ti Campbell kò sí mọ́. Èyí tó sún mọ́ ọn ni Saxifrage, ọkọ̀ ogun ni wọ́n kàn án láti ìbẹ̀rẹ̀ ní 1918, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ìrísí ẹ̀ kó lè jọ ọkọ̀ ẹrù. Láti 1922 ló ti wà lórí odò Thames pẹ̀lú orúkọ HMS President, ọ̀pọ̀ nínú yín ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láìmọ̀. 2016 ni wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí Chatham fún àtúnṣe, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ń jẹ́ kéèyàn wọlé kẹ́ ẹ tó náwó mọ́tò débẹ̀.